Dèfí Mẹ́ta Lórí Fèrèsé Yàrá Bàbá

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìjókòó inú yàrá láti ìgbà tí iṣu tuntun ti wọlé títí di inú ọyẹ́ yìí. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín níbi tí mo wà, bí ilẹ̀ ibí tilẹ̀ tutù mọ́ni láyà. Mo kí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Bàbá, tí wọ́n dúró sí ipò mi lẹ́bàá sàréè. Mo kí àwọn ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kí àwọn ará ọ̀nà oko tí wọ́n máa ń dúró lábẹ́ fèrèsé yín láràárọ̀. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn kí lẹ́tà yìí tó parí. Ràmátù, àbúrò mi, ìwọ ni wàá kà á sí Ìyá létí. Kà á jẹ́jẹ́. Má fo ibì kankan, pàápàá ibi tí mo bá ti ń bá ara mi wí.

Mo fi lẹ́tà yìí síta kí àwọn ẹlòmíràn lè bá wa kà á, nítorí èmi nìkan kọ́ ni ọmọ Kambolé tí ń fi fóònù tún ilé ṣe láti ilẹ̀ Faransé níbí. Àwọn ọmọ Bago wà níbí, àwọn ọmọ Koussountou wà níbí. Bí a bá pàdé lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, ọ̀rọ̀ òrùlé, ọ̀rọ̀ síméǹtì àti ọ̀rọ̀ àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé ni a máa ń sọ. N kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé àtúnṣe òun ni ó ba nǹkan jẹ́. Tèmi ba nǹkan jẹ́, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìdí kejì tí mo fi kọ ọ́ síta wà ní ìparí.

Ẹ ti máa ń béèrè ohun tí mo ń ṣe gan-an níbí, tí èmi náà á sì dáhùn pé iṣẹ́ fèrèsé ni. Ẹ ní lọ́jọ́ kan pé ṣé lẹ́yìn gbogbo ìwé tí Bàbá ta iṣu rán mi lọ kà ní Lomé, fèrèsé ni mo wá ń kàn. N kì í kàn án, Ìyá. Èmi ni mo ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹnì kan bá fẹ́ pààrọ̀ fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ sí èyí tí wọ́n fi dígí méjì ṣe, yóò pe ilé iṣẹ́ wa, wọn yóò sì rán mi lọ. Dígí méjì náà dúró ti ara wọn bí ọmọ ìyá, wọn kò sì fara kanra. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni wọ́n sé mọ́ àárín wọn. Òtútù kò ní lè wọlé, ooru inú ilé kò ní lè jáde, ariwo ìta yóò sì dúró níta. Èmi yóò wọn ojú fèrèsé náà, n óò padà lọ kọ ìwé tí ó sọ iye owó tí iṣẹ́ yóò gbà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan. Ìwé yẹn ni àwọn Faransé ń pè ní dèfí, orúkọ yìí náà sì ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Sokodé ń pè é.

Òfin kan wà nínú ìwọ̀n wíwọ̀n tí wọ́n kọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A kì í wọn fèrèsé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A ó wọn ìbú rẹ̀ lókè, a ó wọ̀n ọ́n láàárín, a ó wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀, nítorí kò sí ògiri tí ó tọ́ tán. Ìwọ̀n mẹ́ta yóò jáde. Èyí tí ó kéré jù ni a máa ń mú. Ẹni tí ó bá mú èyí tí ó tóbi, dígí rẹ̀ kò ní wọlé. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń tẹ̀lé òfin yìí, n kò sì tíì ṣi fèrèsé kan wọ̀n rí.

Ilé tí mo ń gbé náà ní irú fèrèsé bẹ́ẹ̀. Àjà kẹrin ni mo wà. Bí mo bá dúró níbi dígí lówùúrọ̀, mo ń rí àwọn ènìyàn nísàlẹ̀ tí ẹnu wọn ń mì, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí ajá wọn ń gbó, n kò sì gbọ́ nǹkan kan. Òjò wẹ́wẹ́ ni ó ń rọ̀ ṣáá lásìkò yìí, òun náà kò dún. Bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, ilẹ̀ ti ń ṣú. Fóònù ni ó ń pe ìrun fún mi. Ọkùnrin kan ń gbé nínú yàrá tí ó kọjú sí tèmi, ọdún kẹta rèé. Bí a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, a ó mi orí sí ara wa. N kò mọ orúkọ rẹ̀. N kò sọ èyí kí ẹ lè sunkún. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè rí i pé ó yẹ kí n ti mọ ohun tí dígí méjì ń ṣe fún ènìyàn, kí n tó fẹ́ fi ṣe ẹ̀bùn fún yín.

Ẹ mọ ibi tí mo wà lọ́jọ́ tí Bàbá jáde láyé. Mo wà nínú ilé ìdáná ẹni ẹlẹ́ni, tépù ìwọ̀n wà lọ́wọ́ mi, Ràmátù pè. Ó ní Bàbá ti lọ. Ó ní àwọn àáfà ti dé, pé wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀, pé ìrun Àsárì kò ní bá òkú nílé. Mo ní mo gbọ́. Mo parí ìwọ̀n fèrèsé yẹn, mo kọ nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀, ìbú mẹ́ta, gíga mẹ́ta, kò sí àṣìṣe kan nínú wọn. Kí n tó padà dé ọ́fíìsì, wọ́n ti bo ilẹ̀ lé e. Káàdì ìgbélùú mi ti parí nígbà yẹn. Ìwé fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n fún mi, òun náà ni ó ṣì wà lọ́wọ́ mi lónìí. Ẹni tí ó bá fi irú rẹ̀ jáde lè má rí ọ̀nà padà wọlé. Ìdí tí n kò fi wá nìyẹn. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún yín lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ sì máa ń sọ pé ó yé yín. Kò yé èmi fúnra mi.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú ni mo bi Ràmátù pé kí ni Ìyá nílò. Ó ní ẹ kò béèrè nǹkan kan. Ó ní fèrèsé yàrá nìkan ni kò dára. Bí ó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, n kò sì bi í ní ìbéèrè kejì. Èmi tí fèrèsé jẹ́ iṣẹ́ mi, kí ni mo tún fẹ́ béèrè? Mo rántí eruku ọyẹ́ tí ń gba àárín pákó wọlé. Mo rántí ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo lódìkejì ọ̀nà, àti àwọn alùpùpù tí ń gba iwájú ilé lọ sí Tchamba. Mo rò ó pé obìnrin tí ó ń ṣe opó, tí yóò jókòó sínú yàrá kan fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, ó yẹ kí yàrá náà dákẹ́ fún un. Mo pinnu pé dígí méjì ni n óò fi sí i, fèrèsé àti ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ pọ̀. N kò bá wọn gbé Bàbá dé sàréè. Ó kéré tán, n óò fún Ìyá ní ìdákẹ́jẹ́.

Mo ní kí Ràmátù gba dèfí mẹ́ta wá, nítorí bí a ti ń ṣe é níbí nìyẹn: oníṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a lè fi wọ́n wéra. Mo sì fi àṣẹ kan kún un. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan fèrèsé àtijọ́ náà títí dígí yóò fi dé, kí ìwọ̀n má baà yí padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí, ẹ fi àṣẹ yẹn sọ́kàn.

Oníṣẹ́ alumíníọ̀mù kan láti Tchamba ni ó kọ́kọ́ wá. Dèfí rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì lu òǹtẹ̀ sí i. Ó ní ìbú fèrèsé náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ẹni kejì wá láti Sokodé, òun ní ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ó ní mẹ́rìnléláàádọ́rin. Fèrèsé kan náà, Ìyá. Inú bí mi. Mo pe ará Sokodé náà, mo fi Faransé bá a sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá tí ń bá ọmọ iṣẹ́ wí, mo bi í pé ṣé ògiri ilé wa ń rìn ni. Ó ní kí pàtírọ́ọ̀n, ìyẹn ọ̀gá, má bínú, pé ìta ni òun dúró sí, apá òun ni òun nà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wọ inú yàrá lọ wọ̀n ọ́n. Ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé wọn kò sọ fún mi ni, pé opó wà nínú yàrá náà.

Ọmọ Tem ni ọkùnrin yẹn, ẹ̀yà mìíràn ni, kò mọ̀ wá rí, ó sì rántí ohun tí ọmọ gbàgbé. Lóòótọ́, mo mọ̀ pé ẹ ń ṣe opó. Mo ń ka ọjọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí n kò rò ni pé ẹ̀yin ni ẹ jókòó sí ẹ̀yìn ihò tí mo ń wọ̀n, pé ọkùnrin àjèjì kò lè gbé tépù wọlé tọ̀ yín. Ràmátù ni ó ṣàlàyé ìyókù. Ó ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ àgbàdo kò ṣiṣẹ́ ni ará Tchamba wá dúró lábẹ́ fèrèsé, ó ṣe sàlámù, ó ti orí tépù bọ àárín pákó, ó ní kí Màmá dákun bá òun dì í mú láti inú, kí wọ́n sì ka nọ́ńbà rẹ̀ fún òun. Ó ní ẹ dá a lóhùn pé ojú yín kò rí nọ́ńbà wẹ́wẹ́ mọ́, pé àtẹ́lẹwọ́ tí Ọlọ́run fi rán an wá sáyé ńkọ́, ṣé ó fi í sílé ni. Ó bá fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n ọ́n láti òde. Ràmátù ní gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, pé ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí Bàbá ti lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ará Tchamba nítorí ẹ̀rín yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n nìkan ni ó gbà mí lọ́kàn.

Mo ní kí Ràmátù wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀ láti inú, ibi mẹ́ta, kí ó fi ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì. Wọ́n tún dèfí wọn kọ. Nígbà náà ni àríwísí yín wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní férémù funfun yóò máa gba eruku. Mo ní kí wọ́n yí i sí àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ ní oòrùn yóò máa ta dígí, yóò sì máa jó yín lára; mo ní kí wọ́n fi dígí dúdú sí i. Ẹ ní ilẹ̀kùn onídígí kò yẹ ilé mùsùlùmí, pé bí àlejò bá ti rí inú ilé tán kí ó tó ṣe sàlámù, kí ni sàlámù náà tún wà fún. Mo ní kí wọ́n fi èyí tí ojú kò lè là kọjá sí ti ilẹ̀kùn. Ẹ ní àwọn ewúrẹ́ yóò rí ara wọn nínú dígí, wọn yóò máa kàn án. Ìyẹn náà mo fi ránṣẹ́ sí Sokodé, ọkùnrin náà sì kọ ọ́ sínú dèfí, pé òun yóò fi irin sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn nítorí ewúrẹ́. Ìgbà mẹ́rin ni dèfí yẹn yí padà. Mo tilẹ̀ ń yangàn nínú ara mi pé ìyá mi mọ nǹkan yẹ̀ wò, pé bí ẹ bá wà níbí, oníbàárà tí ó le ni ẹ óò jẹ́.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Nílé wa, ta ni ó ń wí fún ẹni tí ó gbé ẹ̀bùn wá pé òun kò fẹ́? Ẹ̀bùn náà ni a ó máa rí àléébù sí, kí ẹni tí ó gbé e wá lè gbé e padà fúnra rẹ̀ láìsí ìtìjú. Lójú mi ni àna yín mú adìyẹ tí ó ń ṣàìsàn wá lọ́jọ́sí, tí ẹ ní adìyẹ náà tóbi jù fún ìkòkò yín. Àna yín gbọ́, ó dúpẹ́, ó gbé adìyẹ rẹ̀ lọ. Èmi, ìkòkò tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo ń lọ rà wá.

Ẹni kẹta ni káfíńtà kan láti Koussountou. A kò pè é. Ó ń kọjá lórí alùpùpù pẹ̀lú pákó lẹ́yìn rẹ̀, ó rí àwọn tí ń wo fèrèsé, òun náà dúró wò ó. Ó ní dígí kì í ṣe iṣẹ́ òun, ṣùgbọ́n irin méjì tí pákó fèrèsé yẹn fi ń yí ti dípẹtà, gbogbo ẹrù pákó ti wà lórí ìsàlẹ̀ ògiri. Ó ya bébà lára àpò síméǹtì, ó kọ tirẹ̀ sí i: irin méjì, ìṣó mẹ́jọ, òróró díẹ̀, wákàtí kan. Ràmátù ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó bi mí bóyá kí ó ṣe é. Mo ní rárá. Mo ní ẹni tí kò mọ dígí kò sí lára àwọn tí a ń fi wéra, pé bí ó bá yọ pákó yẹn, ó lè fọ́ etí ògiri, ìwọ̀n wa yóò sì bàjẹ́. Mo pa àwòrán náà rẹ́ kúrò nínú fóònù mi. Mo ní kí Ràmátù wá dèfí kẹta sí ibòmíràn.

Ẹni tí ó là mí lójú kì í ṣe ará ilé wa. Ìyá arúgbó kan ni, ní abúlé kan ní ẹ̀yìn ìlú yìí. Gbogbo fèrèsé ilé rẹ̀ ni ó ti di onídígí méjì, àfi ti ilé ìdáná. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti ń rán mi lọ wọn fèrèsé ilé ìdáná yẹn. Lọ́dọọdún mo ń wọ̀n ọ́n, lọ́dọọdún a ń kọ dèfí, kò sì fọwọ́ sí i rí. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀gá mi ní kí n lọ sọ fún un pé a kò ní wá mọ́ bí kò bá ṣetán. Mo lọ. Ó fún mi ní kọfí bí ìṣe rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀: ó ní ibi tí wọn yóò máa dì mú láti ṣí i kò wu òun, ó ní àwọ̀ rẹ̀ kò bá ògiri mu. Mo bi í pẹ̀lú sùúrù pé kí ni ó fẹ́ gan-an, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ẹnì kan ń gbọ́ wa. Ó ní òun kọ́ ni òun ń pè wá. Ọmọ òun ni, tí ń gbé lọ́nà jíjìn, tí kò fẹ́ kí òtútù mú òun. Ó ní ọmọ dáadáa ni, òun kò lè wí fún un pé òun kò fẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti fi dígí méjì sí àwọn yàrá, òun kò gbọ́ ìgbà tí ẹnikẹ́ni ń kọjá mọ́; fèrèsé ilé ìdáná nìkan ni ó kù tí òun fi ń gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Nítorí náà, òun ń rí àléébù sí i lọ́dọọdún, ọdún á sì kọjá. Mo bi í pé ṣé ọmọ rẹ̀ kò fura ni. Ó ní ọmọ òun kàwé púpọ̀.

Mo jókòó sínú ọkọ̀ ilé iṣẹ́, mo pe Ràmátù. Mo bi í ní ìbéèrè tí ó yẹ kí n ti bi í ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn: kí ni ó ń ṣe fèrèsé náà gan-an? Ó ní ṣé kí òun sọ òtítọ́. Mo ní kí ó sọ ọ́. Ó ní fèrèsé náà kò ṣí.

Ó ní ṣé n kò rántí Bàbá ni, pé èjìká ni wọ́n fi ń tì í ṣí lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, tí gbogbo àdúgbò á gbọ́ gbì! tí wọ́n á mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ní ilé wa. Mo rántí. Ariwo yẹn ni ó ń jí mi lọ sí ilé ìwé. Ràmátù ní láti ìgbà tí Bàbá ti kú, ẹ kò lè ṣí i. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ó gé yín lọ́wọ́. Òun àti àwọn ìyàwó ilé wá ń bá yín tì í láràárọ̀. Àwọn tí ń lọ oko á dúró lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, wọn kò ní gbójú sókè, wọ́n á kí yín, wọ́n á ṣàdúrà fún Bàbá, ẹ̀yin á dáhùn láti inú, wọ́n á kọjá. Ìyẹn nìkan ni ohùn ìta tí opó ní. Nígbà náà ni àṣẹ mi dé pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Wọ́n gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ fèrèsé ní ìlú òyìnbó ni ó sọ ọ́, ta ni yóò jiyàn? Láti ọjọ́ yẹn, fèrèsé náà wà ní títì pa.

Ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn ṣì ń dúró, wọ́n ń kí pákó. Ẹ ń dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn yín kò la pákó já pẹ̀lú ariwo ẹ̀rọ ìlọ àgbàdo. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n dẹ́kun. Obìnrin kan bi Ràmátù pé ṣé Ìyá ń bínú sí ìlú ni, pé bí a bá kí wọn, wọn kì í jẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní ẹ̀yin ni ẹ ní kí òun má sọ ọ́. Ẹ ní ojú yóò tì mí. Ẹ ní n kò rí ibi sunkún sí lọ́hùn-ún, pé fèrèsé yìí ni mo fi ń sunkún, kí wọ́n jẹ́ kí n sun ún tán.

Ìdákẹ́jẹ́ tí mo fẹ́ ṣètò fún yín, mo ti ṣètò rẹ̀, Ìyá. N kò tilẹ̀ nílò dígí.

Mo ti kọ̀wé sí ará Tchamba àti ará Sokodé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ní kí wọ́n pa dèfí wọn tì. Mo fẹ́ ní kí Ràmátù wá káfíńtà Koussountou kiri, n kò sì ní àwòrán ìwé rẹ̀ mọ́. Ràmátù ní kí n má ṣèyọnu, pé bébà síméǹtì náà wà lábẹ́ ẹní yín láti ọjọ́ tí ó ti kọ ọ́. Ọkùnrin náà wá lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ẹ bọ́ sí yàrá kejì, ó wọlé, kò lo wákàtí kan tán. Ràmátù ní ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣí i lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, pé kò tilẹ̀ dún mọ́. Mo bi í pé àwọn wo ni wọ́n dúró. Ó ní ẹ jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi mú. Wọ́n ń kọjá. Ojú wọn kì í yí sí ìhà ibẹ̀ mọ́.

Ìdí kejì tí mo fi kọ lẹ́tà yìí síta nìyí. Ẹ̀yin ará Kambolé, ẹ̀yin tí ẹ ń gba iwájú ilé wa lọ sí oko ebè àti oko àgbàdo, bí àwọn ọmọ yín bá ka èyí fún yín, ẹ gbọ́: ìyá mi kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Kò sí ìkíni yín kan tí wọn kò jẹ́. Èmi ni mo ti fèrèsé náà pa láti òkèèrè, nígbà tí mo ń wá dèfí. Ẹ foríjì mí. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni ó kù kí wọ́n tó jáde nínú opó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dúró.

Ìyá, n kò ní lè wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ óò jáde. Ìwé mi kò tíì dé, wọn kò sì sọ ìgbà tí yóò dé. N kò ní ẹ̀bùn mìíràn láti fi dípò ara mi, n kò sì ní wá a mọ́. Dèfí mẹ́ta ni mo gbà. Ó yẹ kí n ti ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ mi, kí n mú èyí tí ó kéré jù.

Ọlọ́run Ọba yóò forí ji Bàbá, yóò tẹ́ sàréè wọn ní fífẹ̀. Yóò fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ara líle, kò ní jẹ́ kí ẹ fi ojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó ilé, ẹ kí ará Koussountou bí ó bá tún kọjá. Ràmátù, lọ́la lẹ́yìn Àsùbáà, bí o bá ti pè mí, gbé fóònù lé ojú fèrèsé, kí o sì kúrò níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá dúró, n óò jẹ́ kí ó kí Ìyá tán. Bí kò bá sí ẹnì kan, èmi ni yóò kàn láti kí wọn.

Èmi ni Sàlíù, ọmọ yín.